Rímóòtù wo ló yẹ ọkọ̀ ogun kékeré tó ń jà lórí omi? Mo tò wọ́n síwájú ara wọn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá àwọn ọmọkùnrin méjì kan wá bá mi nílé láti Under G níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n gbé ọkọ̀ ogun tí wọ́n fi pákó kàn dání, ọ̀kan di iwájú mú, ọ̀kan di ẹ̀yìn mú, wọ́n ti kùn ún láwọ̀ eérú, ó sì rẹwà gan-an, kò sírọ́ ńbẹ̀. Wọ́n ní Bismarck ni, ọkọ̀ ogun Jámánì àtijọ́. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n, ó ku rímóòtù o, a rí FlySky kan lórí fóònù, ẹnìkan ní ká má rà á pé Futaba ni ká wá lọ, ẹlòmíì tún ní rímóòtù mọ́tò ọmọdé tó wà nílé á ṣe é, èwo ni ká gbà? Mo ní ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ná, ẹ jókòó. Mo wá bi wọ́n pé, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yìí bá ń rì, kí ni rímóòtù yín máa ṣe? Wọ́n wo ara wọn lójú.

Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra rímóòtù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni iye ṣánẹ́ẹ̀lì tó ní, ìyẹn iye àṣẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó lè fi ránṣẹ́, àti bó ṣe lè lọ jìnnà tó. Ọkọ̀ ogun wa ò lọ síbì kankan. Pọ́ǹdù ẹja ẹ̀gbọ́n mi kan lọ́nà Ìlọrin la ti ń ṣeré, nígbà tí wọ́n bá ti kó ẹja tà tán, èèyàn lè ju òkúta láti etí kan dé ìkejì, kò sí rímóòtù tí wọ́n ń tà láyé tí kò ní dé ibẹ̀. Omi ló ń pa ọkọ̀ wa, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà bí mo ṣe máa fi wọ́n wéra nìyí: èwo ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tómi bá ti wọ inú ọkọ̀.

Fún ẹni tí kò mọ eré yìí rárá, ẹ jẹ́ n yára sọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, láti ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn kan ní Texas bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ ogun àtijọ́ ní kékeré, ọ̀kan nínú 144 ìwọ̀n ọkọ̀ gidi, wọ́n á gbé e sórí adágún, wọ́n á fi rímóòtù darí ẹ̀, wọ́n á sì máa yìnbọn lu ara wọn títí ọ̀kan á fi rì, ó sì ń rì ní tòótọ́ o, títí dé ìsàlẹ̀. Gáàsì CO2 ló ń ti ọta irin róbótó tí fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 4.5 mm jáde, ara ọkọ̀ jẹ́ pákó balsa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí nínípọn ẹ̀ ò tó mílímítà kan kí ọta lè lu ú já, páǹpù sì wà nínú ẹ̀ tó ń tú omi síta bó ṣe ń wọlé. Yamato ti Japan tó gùn ní mítà 263 á wá di nǹkan bíi mítà 1.8, Bismarck á sún mọ́ 1.75. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró létí omi gbọ́dọ̀ wọ awò tó ń dáàbò bo ojú.

Àwa níbí ò lo ọta. Òfin ìbọn Nàìjíríà ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tó nílò láísẹ́ǹsì, mi ò sì ní kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà torí eré. Páǹpù kékeré tó ń ta omi sí gíláàsì iwájú mọ́tò, èyí tẹ́ ẹ lè rí lọ́dọ̀ rẹ́wáyà èyíkéyìí, òun la fi ṣe ìbọn, a wá gé ihò sára ọkọ̀ díẹ̀ sókè ojú omi, a lẹ tíṣù bò ó. Tí omi ọ̀tá bá ti já tíṣù yẹn, ihò ti ṣí nìyẹn, omi á máa wọlé, ọkọ̀ á rì bíi tiwọn náà. Iṣẹ́ tí rímóòtù máa ṣe ò sì yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà: kó yí ìdarí, kó gbé ọkọ̀ síwájú àti sẹ́yìn, ìbọn ọ̀tún, ìbọn òsì, páǹpù. Márùn-ún. Ẹ fi márùn-ún yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Rímóòtù mọ́tò ọmọdé, àti èyí tó ní ojú ìbọn

Ti mọ́tò ọmọdé, èyí tó máa ń wà lórí ìgbì rédíò 27 MHz, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún ọmọ náà padà. Bọ́tìnì lásán ni, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á yí dé òpin, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, á nà gbọnrangandan, kò sí díẹ̀díẹ̀ ńbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó gùn tó ènìyàn ò ṣeé darí báyẹn. Rìsífà ẹ̀ gan-an, ìyẹn ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń gba àṣẹ rímóòtù, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù kan náà tó ń gbé motor, kò ṣeé yọ síbòmíì. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ẹ̀.

Èyí tó dà bí ìbọn ìléwọ́, tó ní táyà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ máa fi yí ìdarí, ìyẹn ò ṣeé fojú di. FlySky GT3B jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó rọrùn dé gongo, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó bá ti fi géèmù wa mọ́tò rí, kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n lò, tẹ́ ẹ bá sì tú ìka kúrò lórí ohun tẹ́ ẹ fi ń fún un léré, ọkọ̀ dúró fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló ní. Márùn-ún la ní a nílò. Ẹ lè dọ́gbọ́n kí páǹpù máa tan fúnra ẹ̀, súwíìsì tó ń léfòó wà tó máa tan páǹpù tómi bá ti ga dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ìyẹn yọ ọ̀kan kúrò, ó ṣì ku mẹ́rin. Ìbọn kan lẹ máa ní nìyẹn, ẹ ò sì ní lè fi dojú kọ ẹni tó ní méjì.

Àmọ́ ibì kan wà tí mo ti fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ: ọkọ̀ akẹ́rù. Nínú eré yìí ní òkè òkun, kì í ṣe ọkọ̀ ogun nìkan ló ń wọnú omi, ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní ìbọn náà wà, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó kọjá láti èbúté kan dé ìkejì kí ọ̀tá má rí i mú. Ìdarí, eré, páǹpù, mẹ́ta ló nílò, mẹ́ta náà ni rímóòtù ojú ìbọn ní. Àbúrò mi obìnrin ló ń wa tiwa, a ò tíì rí i rì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

FS-i6, èyí tó pọ̀ jù nílùú

Tẹ́ ẹ bá wọ LAUTECH lónìí, kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe drone tàbí rọ́bọ́ọ̀tì fún ìdánwò àṣejáde, FlySky FS-i6 ló máa pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn nìkan ti tó ìdí láti rà á, torí ọjọ́ tí tiyín bá bàjẹ́, ẹ máa rí ẹni tí ẹ máa yá tiẹ̀, ọjọ́ tí rìsífà bá jóná, ọmọ tó ti parí iṣẹ́ ẹ̀ á ta tiẹ̀ fún yín lówó pọ́ọ́kú. Ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló ní, bátìrì AA mẹ́rin ló ń jẹ, èyí tó wà ní gbogbo ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta mílíìkì àti ṣúgà. Tí NEPA bá mú iná lọ láti àárọ̀, kò kàn yín.

Ibi tó ti máa dùn yín díẹ̀ ni ọwọ́ òsì ẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ro nígbà tí wọ́n ṣe é, nítorí náà ọ̀pá òsì, tẹ́ ẹ bá tì í sókè, sókè ló máa dúró, kì í padà sáàárín fúnra ẹ̀. Fún ọkọ̀ òfuurufú ìyẹn dára, fún ọkọ̀ ojú omi tó gbọ́dọ̀ lọ síwájú kó tún padà sẹ́yìn, ẹ ò ní mọ ibi tí àárín wà nígbà tí ìjà bá le. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí, mo sì rọ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe é báyìí: gbogbo ìrìn ọkọ̀ ẹ kó o sí ọ̀pá ọ̀tún, ṣánẹ́ẹ̀lì 1 fún ìdarí, ṣánẹ́ẹ̀lì 2 fún eré, torí ọ̀pá yẹn ní síprínngì níhà méjèèjì. Ìbọn wá ń kọ́? Súwíìsì orí FS-i6, kò sí èyí tó ń padà fúnra ẹ̀ nínú wọn, tẹ́ ẹ bá fi tan ìbọn, ẹ gbọ́dọ̀ rántí pa á, ẹ ò sì ní rántí. Ẹ lo ọ̀pá òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ṣánẹ́ẹ̀lì 4, òun ní síprínngì. Ẹ fi servo kan, motor kékeré tó ń yí apá sọ́tùn-ún sósì, sáàárín súwíìsì bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà méjì, tẹ́ ẹ bá ti ọ̀pá sọ́tùn-ún, servo á tẹ bẹ́ẹ̀lì ọ̀tún, ìbọn ọ̀tún á ta, tẹ́ ẹ bá tì í sósì, tòsì á ta, tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ dákẹ́. Páǹpù á wà lórí súwíìsì ṣánẹ́ẹ̀lì 5. Ẹ rí i pé iṣẹ́ márùn-ún, ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ló gbé e, méjì ló ṣẹ́ kù fún ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí orí ìbọn máa yí.

Ohun kékeré kan tó máa ń dààmú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á: tẹ́ ẹ bá tàn án, tó bá ń ké tí kò wọlé, kò bàjẹ́ o. Ó fẹ́ kí gbogbo súwíìsì wà lókè, kí ọ̀pá òsì sì wà nísàlẹ̀ pátápátá kó tó gbà.

Failsafe: ibi tí mo ti fi ọkọ̀ kọ́gbọ́n

Ọkọ̀ mi àkọ́kọ́, rìsífà tó wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn ò ní ọgbọ́n kankan ju pé kó di ohun tó gbọ́ kẹ́yìn mú lọ. Wọ́n ta mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ihò méjì ṣí, omi wọlé, ọkọ̀ dẹ̀gbẹ́, mo sì fún un léré gbogbo kí n lè dé etí kó tó rì. Láàárín ìyẹn ni omi kan áńtẹ́nà. Àṣẹ tó gbọ́ kẹ́yìn ni pé kó sáré, ó wá ń sáré, mo fa ọ̀pá sẹ́yìn, kò gbọ́, mo pa rímóòtù, kò gbọ́, ó fi imú kọ lu ògiri kọ́ńkéré pọ́ǹdù, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ya sí méjì lójú mi. Mo rántí ìró tó dún. Ká ní ọta gidi ló wà nínú ẹ̀, tó sì jẹ́ àṣẹ ìbọn ló gbọ́ kẹ́yìn, ṣé ẹ rí ohun tí mò ń wí?

Failsafe ni ohun tí rìsífà máa ṣe nígbà tí kò bá gbóhùn rímóòtù mọ́. Lórí FS-i6, ẹ wọ ibi ètò rìsífà, ẹ máa rí i níbẹ̀, ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa fọwọ́ yín tàn án. Ìdarí sáàárín, eré sáàárín, ìbọn sáàárín, páǹpù kó tàn. Tí ọkọ̀ bá ti di adití, kó dúró, kó dákẹ́, kó máa tú omi jáde. Lára Spektrum, ilé iṣẹ́ rímóòtù mìíì, ẹ máa rí àwọn rìsífà tó jẹ́ pé eré nìkan ni wọ́n máa ń dá padà, ìyókù á dúró síbi tó wà, ẹ wá ka ìwé rìsífà tẹ́ ẹ fẹ́ rà dáadáa, nítorí ìyẹn túmọ̀ sí pé ọkọ̀ dúró ṣùgbọ́n ìbọn ṣì lè máa ta. Rìsífà tí kò bá ní failsafe fún gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì, bó ti wù kó dára tó, mi ò ní gbé e sínú ọkọ̀ tó ń jà.

2.4 GHz àti àwọn ti àtijọ́

Ẹ máa bá rímóòtù àtijọ́ pàdé, àwọn tó ní áńtẹ́nà irin gígùn tí wọ́n ń fà jáde, wọ́n máa ń bá ẹrù tokunbo wọlé, owó wọn kì í wọ́n. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ 72 ló bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ni Amẹ́ríkà yà á sọ́tọ̀ fún, 75 ni ti mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi. Tó bá jẹ́ láti ìlú ọba ló ti wá, 35 ni ti òfuurufú, 40 ni ti ilẹ̀ àti omi.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ nípa 75 MHz, nítorí ohun kan wà tó fi ju ti òde òní lọ. Omi. Ìgbì 2.4 GHz tí rímóòtù òde òní ń lò kúrú, kò ju sẹ̀ǹtímítà méjìlá àti àbọ̀ lọ, omi sì máa ń gbé e mì kíákíá, tí áńtẹ́nà bá ti wọ omi ní ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà díẹ̀, ó ti tán. Ìgbì 75 MHz gùn tó mítà mẹ́rin, nínú omi tí kò níyọ̀ bíi ti pọ́ǹdù ó máa ń wọlé jìnnà ju ìyẹn lọ dáadáa. Ọkọ̀ tí omi ti bo ilẹ̀ ẹ̀ lè ṣì máa gbọ́ràn kó sì rá dé etí. Àwọn àgbà inú eré yìí ní òkè òkun pẹ́ kí wọ́n tó fi 75 sílẹ̀, wọn ò ṣàṣìṣe.

Àmọ́ èyí tó burú nínú ẹ̀ pọ̀ ju èyí tó dára lọ. Krístà, ẹ̀yà kékeré tí wọ́n ń kì bọ inú rímóòtù àti rìsífà, ni wọ́n fi ń yan ìgbì tí wọ́n máa lò, ọgbọ̀n péré ló wà lórí 75, tí èèyàn méjì bá sì ní krístà kan náà, ọkọ̀ méjèèjì á máa gbọ́ àṣẹ ẹni méjèèjì. Torí ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ òkè òkun ṣe máa ń gbé pátákó kan kalẹ̀ tí wọ́n ń fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há nọ́ńbà mọ́, ẹni tí pẹ́ẹ̀gì ò bá sí lọ́wọ́ ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tan rímóòtù. Iná tó ń ṣẹ́ lára motor náà máa ń dà á láàmú, servo á kàn máa gbọ̀n. Níbo lẹ tún ti máa rí krístà mìíì rà ní Ògbómọ̀ṣọ́?

2.4 GHz parí ìjà yẹn. Rímóòtù àti rìsífà ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa so wọ́n pọ̀, wọ́n ń pè é ní bind, láti ìgbà náà lọ rìsífà ò ní dá ẹlòmíì lóhùn. Ó dà bí ìgbà tí àwọn onílù bá ń lù láàfin Ọ̀yọ́, dùndún ń dún lọ́tùn-ún lósì, ariwo gba gbogbo ibẹ̀ kan, síbẹ̀ ẹni tí wọ́n bá fi ìlù kì, orí ẹ̀ á wú, ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Wọ́n sì tún máa ń fò láti ìgbì kan sí òmíì ní ìṣẹ́jú àáyá, kẹ́nikẹ́ni má bàa lè dí wọn lọ́nà. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń sọ ọ̀kan nínú ibi tí èrò yẹn ti jáde, torí ogun orí omi gan-an ni: Hedy Lamarr, òṣèré fíìmù tí wọ́n bí ní Austria, òun àti George Antheil tó ń kọ orin, ọdún 1942 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn níwèé ẹ̀tọ́ fún ọgbọ́n tí wọ́n fẹ́ fi darí bọ́ǹbù abẹ́ omi tó ń lé ọkọ̀, ìgbì 88 ló máa fò láàárín wọn, bíi iye bọ́tìnì dùùrù. Rímóòtù orí omi fúnra ẹ̀ dàgbà jù báyẹn lọ, 1898 ni Nikola Tesla ti gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń darí láìsí wáyà han àwọn ará New York.

Nítorí náà 2.4 ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ wá fi ọgbọ́n dí ihò tómi bá gbà. Ẹ wo rìsífà FS-iA6B, wáyà méjì ló yọ lára ẹ̀, orí wáyà tó hàn síta, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, òun gan-an ló ń gbọ́ràn, ìyókù kàn ń gbé e dé rìsífà ni. Orí yẹn kò gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ fà á gba inú ilé gogoro ọkọ̀ lọ sókè, ibi tó ga jù tẹ́ ẹ bá lè fi pa mọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nà ró kí èkejì dùbúlẹ̀, kó má sì fara kan bátìrì tàbí irin. Ọkọ̀ á ti rì ju ìdajì lọ kómi tó kan án. Tó bá wá rì tán, okùn àti ohun tó ń léfòó tí gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní lẹ máa fi wá a rí, kì í ṣe rímóòtù.

Rìsífà ń kú, rímóòtù kì í kú

Ìṣirò tí àwọn èèyàn kì í ṣe nìyí. Rímóòtù wà lọ́wọ́ yín lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó lè pé ọdún mẹ́wàá. Rìsífà ló ń lọ sísàlẹ̀ omi. Ẹ béèrè iye tí rìsífà jẹ́ kẹ́ ẹ tó béèrè iye tí rímóòtù jẹ́, torí ẹ máa ra ju ẹyọ kan lọ. Ibí ni Futaba àti Spektrum ti ń já mi kulẹ̀ o, kì í ṣe pé wọn ò dára, iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára gan-an, ọ̀pá wọn ń tẹ̀ lé ìka bí epo, ṣùgbọ́n owó rìsífà wọn kan ti tó owó bíi mélòó kan ti FlySky, wọn ò sì wọ́pọ̀ lágbègbè wa. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, kó gbà á, kó dúpẹ́, kó ní kí wọ́n fi rìsífà méjì kún un.

Èyíówù tẹ́ ẹ bá ní, ẹ tú rìsífà kúrò nínú ike ẹ̀, ẹ fi fáníìṣì èékánná kun bọ́ọ̀dù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kó gbẹ dáadáa láàárín ẹ̀, àmọ́ ẹ má kun ojú ibi tí wáyà ń wọ̀ àti ibi tí áńtẹ́nà ti so mọ́ ọn. Kẹ́ ẹ wá gbé e sínú ike oúnjẹ tó ní ìdérí tó ń dí pinpin, ibi tí wáyà gbà jáde ẹ fi sílíkóònù dí i. Ojú ibi tí wáyà ń wọ̀, gíríìsì. Tó bá rì, ẹ yọ bátìrì kíá, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà, ẹ má tàn án lọ́jọ́ náà. Àsìkò ọyẹ́ ó máa ń gbẹ kíákíá, lójò ẹ fún un ní ọjọ́ méjì.

Iná tó ń gbé rìsífà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní rímóòtù òun ò dára, bátìrì ló ń bá jà. Bátìrì 6 fóòtì inú làǹtáànù alágbára iná ni gbogbo wa ń lò, ó wà, ó wúwo tó láti mú ọkọ̀ jókòó sínú omi, kò wọ́n. Ọdún kan wà tí mo so gbogbo nǹkan mọ́ ọ, motor, páǹpù, ìbọn, rìsífà. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá tan páǹpù tí mo tún yìnbọn, ọkọ̀ á kú fún bí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á tún jí. Mo bú rímóòtù, mo pààrọ̀ ẹ̀, ó tún ṣe é. Àṣé fóòtì ló ń já wálẹ̀ tí gbogbo wọn bá fà á pọ̀, rìsífà á pa, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fún rìsífà àti servo ní bátìrì tiwọn, AA mẹ́rin tó ṣeé cháàjì, 4.8 fóòtì, ẹ so wáyà nẹ́gétíìfù wọn pọ̀ mọ́ ti bátìrì ńlá níbi ESC, ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n eré motor, ó tán. Ẹ má sì so bátìrì LiPo (irú lithium tí drone ń lò) oníyàrá méjì mọ́ rìsífà tààrà, tó bá kún 8.4 fóòtì ni, lórí ìwé FS-iA6B tí mo ní 4.0 sí 6.5 ni wọ́n kọ. Àwọn rìsífà Spektrum kan ń gba títí dé 9.6, ìyẹn jẹ́ àǹfààní wọn, mo gbà.

TX16S, fún ẹni tí eré ti wọ̀ lẹ́jẹ̀ẹ́

RadioMaster TX16S ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fò drone gbé wá lọ́jọ́ kan. Ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún, ojú ẹ̀ dà bíi ti fóònù, ó ní súwíìsì tó ń padà fúnra ẹ̀, èyí tí FS-i6 ò ní, ọkọ̀ bíi ogún lẹ lè tò sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ láàárín wọn. Ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni pé ó ń sọ̀rọ̀, ẹ sì lè fi ohùn tiyín sínú mẹ́mórì káàdì ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí ìyá ẹ̀ gba ohùn sílẹ̀. Tí iná rìsífà bá ń lọ sílẹ̀, ohùn màmá á jáde láti inú rímóòtù, "Iná ń tán lọ o, máa bọ̀ nílé!" Gbogbo wa dúró tì í, a ń fẹ́ kí iná lọ sílẹ̀ ká lè tún gbọ́ ọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ṣọ́ ohun kan: oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n kọ 4-in-1 sí ń bá rìsífà FlySky, Spektrum àti ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíì sọ̀rọ̀, èyí tó jẹ́ ELRS (ExpressLRS, èdè rímóòtù mìíì), ti ELRS nìkan ló gbọ́. Ẹni tó ti ní rìsífà FlySky mẹ́ta nílé, tó wá ra ELRS, ó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bátìrì lithium ló sì ń lò, ẹ gbọ́dọ̀ cháàjì ẹ̀ láti àná, kò sí èyí tẹ́ ẹ máa sáré rà ní ìsọ̀ tó bá kú létí omi.

Owó ẹ̀ pọ̀ ju ti FS-i6 lọ dáadáa. Ẹni tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí kò fò nǹkankan, mi ò rí ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó ní drone, tó ní ọkọ̀ mẹ́ta, kó rà á kó sì dẹ́kun kíkó rímóòtù mẹ́rin dání kiri.

Àwọn ọmọ méjì yẹn, FS-i6 ni wọ́n padà rà, ọ̀dọ̀ ẹnìkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí níléèwé, pẹ̀lú rìsífà méjì, wọ́n sì gbé ọkọ̀ padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní kí wọ́n má tíì gbé e dé etí omi. A gbé Bismarck lé orí àpótí méjì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, àbúrò nínú wọn fún un léré gbogbo, ẹ̀rọ ìtukọ̀ ń yí fìrì, mo ní ó yá, pa rímóòtù. Ó pa á. Ẹ̀rọ ìtukọ̀ dúró, ìdarí padà sáàárín, a wá gbọ́ tí páǹpù tan fúnra ẹ̀ tó ń kùn lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n nínú wọn ní kó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ṣe é kí wọ́n tó gbé e jáde.